Kí Ló Dé Tí Ara Kì Í Fi Í Dá Ibà Mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ọdún tí ibà kì í ṣe mí. Ṣé ara kò lè dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì lé e dànù? Láìpẹ́ yìí, wọ́n fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n rí i. Àbí wọn ò mọṣẹ́ ni? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Wọ́n lè mọṣẹ́ dáadáa kó sì rí bẹ́ẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ PfEMP1 ló wà nídìí ìbéèrè yín méjèèjì.

Tí kòkòrò ibà, Plasmodium falciparum, bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kò bá jíìnì (àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì) kankan níbẹ̀, torí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo purotéènì tó fẹ́ lò. Inú àpò tín-ín-rín kan ló ń gbé. Ó ní ẹnu ọ̀nà lára àpò yìí, PTEX, ibẹ̀ ló ń ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún purotéènì gbà sínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan nínú wọn, KAHRP, ń mú kí ara sẹ́ẹ̀lì ta kókó wẹ́wẹ́, orí kókó yìí sì ni PfEMP1 ń yọ sí. (Nínú ẹ̀jẹ̀ AS, kókó wọ̀nyí kì í jáde dáadáa, ó wà lára ohun tí ibà kì í fi í tètè le sí ẹni tó jẹ́ AS.)

PfEMP1 ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, títí kan ti ọpọlọ. Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò máa ń le gan-an, spleen tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ì bá sì mú un. Nínú wákàtí 48 tí kòkòrò fi ń dàgbà tó sì ń pọ̀ sí i, bó bá ti tó nǹkan bí 20, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri nìyẹn. Kìkì àwọn kòkòrò tí kò tíì dàgbà ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní apá, wọ́n sì lè kéré níye débi tí wọn ò fi ní hàn. Nítorí náà, bí ara bá ṣì ń gbóná, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín wákàtí 12 sí 24, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. RDT, àyẹ̀wò ibà oníkíákíá, ń wá HRP2, purotéènì kòkòrò kan tó ń yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè rí èyí tó sá pamọ́. Ṣùgbọ́n HRP2 lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìwòsàn, ẹ má fi RDT wò bóyá oògùn ṣiṣẹ́.

Ní ti pípadà rẹ̀: nǹkan bí 60 jíìnì ni kòkòrò ní fún PfEMP1, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. PfEMP1 dà bí ẹ̀wù tí ara fi ń dá a mọ̀, jíìnì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀wù tirẹ̀. Kí ara tó mọ ẹ̀wù yìí tán, àwọn kan ti wọ òmíràn. Kòkòrò tí ẹ̀fọn mìíràn gbé wá tún lè ní ẹ̀wù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ara àgbàlagbà máa ń mọ púpọ̀ nínú wọn díẹ̀díẹ̀, ibà kì í sì í le sí wọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ara ìyàwó mi le, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún un ní oògùn ibà? — Ọkọ aláboyún, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó lò ó. Irú PfEMP1 kan wà, VAR2CSA, tó ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ. Ara obìnrin tí kò lóyún rí kò tíì bá a pàdé, ìdí nìyẹn tí oyún àkọ́kọ́ fi léwu jù. Oògùn náà ni SP (sulfadoxine-pyrimethamine): hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, láti oṣù kẹrin oyún, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín méjì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó bímọ. Ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà ṣe folate, irú fítámì kan, ni SP ń dí. Folic acid, folate oníhóró tí aláboyún ń lò, tó bá jẹ́ 5 mg ń ba iṣẹ́ SP jẹ́, 0.4 mg ni kó máa lò. Tó bá ń lo Septrin nítorí HIV, kó má ṣe lo SP rárá.