Ti Hándù Ọ̀tún Síwájú, Alùpùpù Á Gba Ọ̀tún

Àbúrò mi, ẹni tó ní kí o máa ti hándù ọ̀tún síwájú tí o bá fẹ́ gba kọ́nà ọ̀tún kò tàn ọ́ rárá. Òótọ́ ló sọ fún ọ. Àwọn tó ń kìlọ̀ pé ó fẹ́ kó bá ọ, mi ò bínú sí wọn, torí ọ̀rọ̀ náà ta ko ohun tí èèyàn ń retí: o ti hándù ọ̀tún, táyà iwájú kọjú sósì díẹ̀, síbẹ̀ ọ̀tún ni alùpùpù ń lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọlọ́kadà tó ń sáré kọjá ní títì Ọba Adésídà láàárọ̀ yìí, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

O ní tí o bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, níbi tí títì bá ti kọ́ sọ́tùn-ún, alùpùpù rẹ máa ń fà ọ́ lọ sápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni o ń fi gbogbo ara tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ìbéèrè rẹ nìyẹn. Nílẹ̀ wa, apá ọ̀tún la ń gbà. Ẹni tí kọ́nà òsì bá já mọ́ lọ́wọ́, inú koríko tàbí gọ́tà ló máa bọ́ sí, ìyẹn gan-an kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́nà ọ̀tún bá já mọ́ lọ́wọ́, iwájú tírélà ló ń lọ.

Kí alùpùpù tó lè yà lórí eré, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá fẹ́ gba ọ̀tún láìtẹ̀ sọ́tùn-ún, òsì ló máa ṣubú sí, torí bí táyà ṣe ń fà á sọ́tùn-ún nísàlẹ̀, ohun tó wúwo lókè, ìyẹn ìwọ, ẹ́ńjìnnì àti epo inú táǹkì, ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Kí ló wá ń mú un tẹ̀? Rántí bí a ṣe máa ń gbé ọ̀pá gígùn dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ ní kékeré. Tí o bá fẹ́ kí orí ọ̀pá yẹn dà sọ́tùn-ún, o ò ní fọwọ́ kan orí rẹ̀ rárá, ọwọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wàá sún sósì díẹ̀. Táyà ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Bí o bá ti hándù ọ̀tún síwájú, táyà iwájú á sá sósì díẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ, ìwọ̀n rẹ á sì dà sọ́tùn-ún. Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ti tẹ̀, táyà iwájú fúnra rẹ̀ á yí wá sọ́tùn-ún láti gba kọ́nà náà, torí pé wọ́n dá fọ́ọ̀kì ní ìdagẹ̀rẹ̀, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn ibi tí ìlà ọrùn hándù ìbá ti kan ilẹ̀. Ìwọ ṣáà má di hándù pa. Jẹ́ kó yí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fi ẹ̀rọ wọn fò ní 1903, kẹ̀kẹ́ ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n sì ń tà ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà kí ọ̀rọ̀ bàálù tó dé. Ó bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń yà sósì, kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n, ẹnu wọn ni kò lè sọ ọ́.

Àwọn kan ti sọ fún ọ pé ara làwọn fi ń yà, pé àwọn kì í ti hándù kankan. Keith Code, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ gígun alùpùpù sílẹ̀ ní California, ti yanjú àríyànjiyàn yìí tipẹ́. Ó ṣe alùpùpù kan tó ní hándù méjì: ọ̀kan ń yí táyà bó ṣe yẹ, wọ́n de èkejì mọ́ férémù pa, kò lè yí nǹkan kan. Ẹni tó bá di èkejì yìí mú á fi ara sọ́tùn-ún, á fi ara sósì, alùpùpù á kàn máa fì díẹ̀díẹ̀, kò ní gba kọ́nà tí ẹni náà fẹ́.

Ní tèmi, ìdí ẹrù kòkó ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ru kòkó láti oko lápá Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá ti ru kòkó rí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fífi ara yà mọ́. Tí wọ́n bá ti gbé àpò lé káríà, tí wọ́n fi rọ́bà dè é pinpin, ìdí rẹ ò ní àṣẹ kankan lórí alùpùpù yẹn mọ́. O tẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹrù ò dá ọ lóhùn. Èjìká máa ń ro mí di alẹ́, àyà mi kì í sì í balẹ̀ ní kọ́nà kankan. Bàbá kan tó ti ń ru ẹrù lójú ọ̀nà yẹn ṣáájú mi ló tẹ̀ lé mi lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, tó ń wo bí mo ṣe ń gùn. Nígbà tí a dúró, ó ní, "Ọwọ́ rẹ méjèèjì ń bá ara wọn jà. Jẹ́ kí ọ̀kan sinmi."

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, torí mo gbà pé òun ló ń ṣe ìwọ náà. Ẹ̀rù kọ́nà máa ń mú èèyàn di hándù mú gírígírí. Ọwọ́ ọ̀tún ń tì, ọwọ́ òsì náà ń tì láìmọ̀, agbára méjèèjì pa ara wọn, alùpùpù ń lọ tààrà. Èyí tó tún burú jùyẹn: bí o ṣe ń fi ara tẹ̀ sọ́tùn-ún yẹn, tí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún fa hándù sọ́dọ̀ ara rẹ kí o má bàa já bọ́, òsì ni o ń ní kí alùpùpù lọ. Ara rẹ ń sọ ọ̀tún, ọwọ́ rẹ ń sọ òsì, ọwọ́ ló sì máa ń borí. Tí o bá tún dé kọ́nà yẹn, kíyè sí ìgúnpá ọ̀tún rẹ. Ṣé iwájú ló ń lọ ni, àbí ẹ̀yìn ló ń bọ̀? Bó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, o ti mú olè náà.

Mi ò sọ pé ara ò wúlò. Ara tó bá tẹ̀ lé ọwọ́ lọ sí apá kan náà máa ń jẹ́ kí alùpùpù fúnra rẹ̀ má tẹ̀ púpọ̀. Èrò tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ náà, sọ fún un kó máa wo iwájú láti orí èjìká rẹ lápá ibi tí ẹ ń yà sí. Àwọn ìyá wa tó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀ máa ń nàró sí òdìkejì nítorí ẹ̀rù, hándù á sì wúwo sí ọ lọ́wọ́. Fi sùúrù bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra.

Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba, níbi tí alùpùpù ò ti yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, wàá rí i pé apá tí o ń lọ ni hándù ń yí sí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti nǹkan bí 20 kìlómítà ní wákátì lọ sókè ni ọwọ́ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtì yẹn dáadáa, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni hándù á máa le sí i.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ, ó sì ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà báyìí, Márúwá ni wọ́n kọ́kọ́ wà. Márúwá kì í tẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: o yí hándù sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún, ó parí. Ọwọ́ tí èyí ti mọ́ lára, tó bá wá bọ́ sórí ọ̀kadà, kò ní sí wàhálà títí ewu á fi dé. Bí ọmọdé bá já sí títì láti apá ọ̀tún, ẹni yẹn á fẹ́ sá sósì, á sì já hándù sósì bó ṣe máa ń ṣe nínú Márúwá. Alùpùpù á dà sọ́tùn-ún, síbi tí ọmọ náà wà. Tí o bá ti wa Márúwá rí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ̀kọ́ méjì ni, má jẹ́ kí ọ̀kan wọnú èkejì.

Ewu òjijì ni ìdí tí mo fi ń fi ọ̀rọ̀ yìí yọ àwọn ọmọdé tó yí mi ká lẹ́nu. Ní 1981, Harry Hurt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Southern California gbé ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù 900 tí wọ́n lọ fojú rí ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n rí i pé nígbà tí ewu bá dé, ọ̀pọ̀ ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà á fi di pa tí á máa yọ̀, wọn kì í lo ti iwájú tó. Ká ti hándù ká fi yẹra fún ewu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lọ́wọ́ wọn rárá. Mo ń bọ̀ láti Ìléṣà nígbà kan, mo ti kọjá Ìgbàrà-Òkè, eré mi á máa lọ sí 60, bọ́ọ̀sì kan tó wà níwájú ṣàdédé dúró sójú títì nítorí èrò kan tó nawọ́. Bíréèkì nìkan ò lè gbà mí. Ọ̀nà òdìkejì ṣófo, mo sì ti rí i pé ó ṣófo. Mo ti hándù òsì, alùpùpù dà sósì lẹ́ẹ̀kan náà, mo kọjá ìdí bọ́ọ̀sì, mo ti ọ̀tún, ó padà sápá mi. Mi ò fọwọ́ kan bíréèkì nígbà tó ń tẹ̀, torí agbára tí táyà fi di ilẹ̀ mú ò pọ̀ tó iṣẹ́ méjì: tí bíréèkì bá jẹ ẹ́, kò ní sí èyí tí yóò fi yà. Ká ní ọwọ́ mi ò tíì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, àyè àtirò ò sí níbẹ̀.

Bí wàá ṣe kọ́ ọ nìyí. Lọ sí Alágbàká láàárọ̀ Sọ́ńdè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sí níbi iṣẹ́, ọ̀nà dá. Dé akoto rẹ, kí o sì de okùn rẹ̀. Lójú ọ̀nà tààrà, gbé eré dé nǹkan bí 40, kí ọwọ́ méjèèjì rọ̀, kí ìgúnpá ká díẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún nìkan ti hándù síwájú díẹ̀. Síwájú ni mo wí o, kì í ṣe sísàlẹ̀. Alùpùpù á yẹ̀ sọ́tùn-ún. Dẹ ọwọ́, á nàró. Ti òsì, á yẹ̀ sósì. Má jà á, rọra tì í, wàá rí i pé díẹ̀ báyìí ló ń fẹ́. Nígbà tó bá ti mọ́ ọ lára, wá ewé kan tàbí àbàwọ́n kan lórí ọ̀dà, kí o máa yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, sósì, títí ọwọ́ á fi ṣe é láìbi ọ́ léèrè.

Lẹ́yìn náà ni kí o tó padà sọ́nà Ìdànrè, kí o sì dín eré kù kí o tó wọ kọ́nà, kì í ṣe inú rẹ̀. Eré ń jẹ ìtẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kọ́nà tó jẹ́ pé láti àárín òbírí rẹ̀ dé ojú títì jẹ́ mítà 50, tí o bá fi 40 gbà á, ìtẹ̀ tó ń fẹ́ jẹ́ bíi dígírì 14. Fi 60 gbà á, ó ti di bíi 30. Eré fi ìdajì lé, ìtẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Tí o bá ti wà nínú kọ́nà ọ̀tún tó wá ń fà ọ́ sáàárín, má wo tírélà tó ń bọ̀. Wo ibi tí títì ń lọ, dẹ ọwọ́ òsì, kí o tún ti hándù ọ̀tún sí i. Ohun tí ọkàn máa ń kọ̀ jù nìyẹn, òun ló sì máa yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí típà bá da yanrìn sí, níbi tí ewé tútù wà, tàbí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé epo jáde lórí ọ̀dà, má tẹ̀ níbẹ̀ rárá. Títì tó ń yọ̀ ò ní di táyà mú fún ọ. Rọra kọjá.

Kí o tó lọ sí Alágbàká, jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé iwájú alùpùpù kúrò nílẹ̀ kó yí hándù lọ, kó yí i bọ̀. Tó bá ń há, bọ́ọ̀lù inú ọrùn hándù ti jẹ tàbí wọ́n ti dè é le jù, ọwọ́ rẹ ò sì lè mọ nǹkan kan lórí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Yẹ afẹ́fẹ́ táyà iwájú wò pẹ̀lú, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó máa ń jẹ́ kí hándù wúwo. Bí méjèèjì bá dára, tí kọ́nà yẹn ṣì ń fà ọ́, sọ ibi tó wà gan-an fún mi àti iye eré tí o fi ń wọ̀ ọ́. Mo mọ ọ̀nà yẹn, màá dá ọ lóhùn.