Variance 80 tó o rí yẹn, èmi náà ti fojú winá rẹ̀ rí

Àbúrò, bí mo ṣe ka ìbéèrè rẹ ni àyà mi já. O ní o fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, fa sample 1000 jáde (ìdìpọ̀ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kàn ṣà), nọ́ńbà márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mean (ìpíndọ́gba) 50, std (bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí mean tó) 10. Olùkọ́ rẹ ṣe tirẹ̀ nínú R, èdè kóòdù mìíràn, mean àwọn variance rẹ̀ (variance ni std tá a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀) sún mọ́ 100; tìrẹ kọ̀, kò kúrò lórí 80. O wá ń bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà rẹ ló bàjẹ́, àti ohun tó o lè ṣe tí nọ́ńbà ò fi ní máa yí padà ní gbogbo ìgbà tó o bá tún mú kóòdù náà ṣiṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà rẹ ò ṣe nǹkan kan. `np.var` àti `np.std`, ti NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò inú Python, ń fi n pín, ìyẹn iye nọ́ńbà inú sample. `var` àti `sd` inú R ń fi n−1 pín. Kọ `ddof=1` sínú àkámọ́, kí NumPy náà lè fi n−1 pín, ó parí. Márùn-ún ni nọ́ńbà inú sample rẹ, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 100 sì ni 80.

Mo ní ó parí, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló jẹ lára tèmi. Iṣẹ́ àṣekágbá ni mò ń ṣe nígbà náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó mi fi R yẹ iṣẹ́ mi wò, tiwa ò bára mu. Kò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe o. Ó ní mo jókòó sílé hùmọ̀ nọ́ńbà ni, lójú gbogbo àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì. Mo délé, mo yọ Python kúrò, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Owó dátà tí mo fi wà á jáde, mi ò fẹ́ rántí. Iná ò sí, ni mo bá ń gbé laptop lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí kí n lè lo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo fa sample 1000, mo fa 10,000, mo fa mílíọ̀nù kan: 80, 80, 80. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti yé mi, torí tó bá jẹ́ pé àkọsẹ̀bá lásán ni, bí sample ṣe ń pọ̀ sí i ni ì bá máa sún mọ́ 100. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí orí mi ṣiṣẹ́.

Lóru ọjọ́ kan ni mo mú bíró, mo kọ 2, 4, 4, 4, 5, 5, 7, 9. Mean wọn jẹ́ 5. Mo yọ 5 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sọ ohun tó kù di ìlọ́po ara rẹ̀, mo rò ó pọ̀: 32. Mo fi 8 pín in, ó di 4; nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 4 ni std, ìyẹn 2. Mo fi 7 pín in, std di 2.138. Python ní 2, R ní 2.138. Nígbà tí mo gbé e tọ ọ̀gá lọ, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Kò sì bẹ̀ mí títí dòní.

Pandas, irinṣẹ́ mìíràn nínú Python, ní tirẹ̀ ń fi n−1 pín, nítorí náà dátà kan náà lè fún ẹ ní ìdáhùn méjì nínú notebook (fáìlì tó o ń kọ kóòdù sí) kan ṣoṣo. Má sì jẹ́ kí wọ́n tún fi èyí mú ẹ: tó o bá fi `ddof=1` sí i, variance á bọ́ sí nǹkan bí 100, àmọ́ tó o bá kó std 1000 yẹn jọ, tó o wá mean wọn, 9.4 lo máa rí, kì í ṣe 10. Bí sample kékeré ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Gosset, onímọ̀ ìṣirò tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, mọ ìṣòro sample kékeré yìí. Ó kọ ìwọ̀n ara ọ̀daràn 3000 sórí páálí, ó rú wọn pọ̀, ó pín wọn sí sample 750, mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1908. Ọwọ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnì kankan ò sì pè é ní onírọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, nítorí náà gba ìkìlọ̀ kan sí i. `rexp(100, 5)` nínú R, mean rẹ̀ máa ń wà nítòsí 0.2; `rng.exponential(5, 100)` nínú NumPy, nítòsí 5. Orúkọ wọn jọra, ohun tí 5 túmọ̀ sí nínú wọn yàtọ̀ pátápátá: nínú NumPy, mean ni; nínú R, 1 tá a fi 5 pín ni mean.

Hẹ̀n, nọ́ńbà tó ń yí padà. Mo ti fẹ́ gbàgbé. Fi seed, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìfàjáde, sókè pátápátá:

`rng = np.random.default_rng(7)`
`x = rng.normal(50, 10, size=(1000, 5))`
`x.var(axis=1, ddof=1).mean()`

`axis=1` ni o, kí ó lè ṣírò sample kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í ṣe 0. Seed 7 nínú Python ò ní bí nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú `set.seed(7)` nínú R, má wulẹ̀ dúró dè é. Tí olùkọ́ rẹ bá sì ń lo `sample()` nínú R àtijọ́, bi í léèrè ẹ̀dà tó ní: láti 3.6.0, ní 2019, ni wọ́n ti yí ọ̀nà tó ń gbà fa nọ́ńbà padà, seed kan náà kì í sábà bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́.