Ajá Tó Ní Wárápá: Ẹ Má Dá Oògùn Rẹ̀ Dúró Lójijì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà wa. Gìrì máa ń mú ajá wa, akọ Alsatian ọmọ ọdún 3 tó wọ̀n kílò 30. Dókítà ẹranko ní wárápá ni, ó sì kọ phenobarbital fún un. Odindi oṣù kan ni gìrì kò fi mú un, ṣùgbọ́n oorun ni ṣáá, oúnjẹ kì í tó o, ó sì ń tọ̀ káàkiri ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara rẹ̀ ti yá, la bá dá oògùn náà dúró. Lọ́jọ́ kẹrin, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Epo pupa la rọ sí i lẹ́nu. Ṣé oògùn yẹn ni kò dáa? (Òǹkàwé wa, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Oògùn náà dáa. Dídá tí ẹ dá a dúró ló fa gìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Phenobarbital kì í wo wárápá sàn, ṣe ló ń dì í mú. Ọpọlọ ajá yín ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, kò sí ohun tó ń di ọpọlọ náà mú mọ́, gìrì sì ya lù ú léraléra. Ajá tó bá tilẹ̀ lo ọdún kan sí méjì láìsí gìrì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òmíràn á lò ó títí ayé ni.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Gìrì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24 kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ní ti ìwọ̀n, mílígíráàmù 2 sí 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ní wákàtí 12 síra. Bí dókítà bá mú 2.5, ajá kílò 30 á gba mílígíráàmù 75 lẹ́ẹ̀kan. Bí hóró tí ẹ rà bá jẹ́ mílígíráàmù 30, 2 àtààbọ̀ láàárọ̀ nìyẹn, 2 àtààbọ̀ lálẹ́: 5 lójúmọ́, 150 lóṣù. Ẹ tètè ra òmíràn nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan, torí wọn kì í tà á láìsí ìwé dókítà, kì í sì í sí nílẹ̀ nígbà gbogbo. Oògùn á tán ní Sátidé, kò ní sí èyí tí wọ́n máa rí rà títí di Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ajá ló ti ibẹ̀ padà sínú gìrì. Bí ẹ bá gba páálí tuntun, ẹ ka iye mílígíráàmù tó wà lára rẹ̀. Bí tuntun bá jẹ́ 60, ẹni tó ń ka hóró nìkan á fún ajá ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ fún un bí ẹ bá ti rántí, ṣùgbọ́n ẹ má pa ìwọ̀n méjì pọ̀.

Oorun àti ìta-gọ́ọ́gọ́ọ́ sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ebi àti òùngbẹ lè má lọ. Ẹ má fi omi dù ú. Ẹ mú un jáde lọ tọ̀ kó tó sùn. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n, kó má baà sanra jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Máíkírógíráàmù 15 sí 35 nínú mílílítà kan là ń wá; bó bá ju 35 lọ, ẹ̀dọ̀ wà nínú ewu. Ẹ ní kí wọ́n má fi ìgò tó ní gẹ́ẹ̀lì gba ẹ̀jẹ̀ yẹn: gẹ́ẹ̀lì máa ń fa oògùn náà mu, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ. Bí ojú ajá bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tó ń bì, tó kọ oúnjẹ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Epo pupa yẹn ló bà wá lẹ́rù jù. Ajá tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń lọ, ìyẹn sì lè pa á lẹ́yìn tí gìrì bá ti lọ. Bó bá ń húkọ́ tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ajá kì í gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ kó àga kúrò, ẹ pa iná àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sómi sí ikùn àti abẹ́ itan rẹ̀, kí ẹ sì tan fáànù sí i, torí gìrì máa ń mú ara gbóná gan-an. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà lè fún yín ní diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, tí ẹ ó máa fún sí ihò ìdí rẹ̀. Inú ìgò rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, torí ike síríńjì máa ń fà á mu. Bó bá jí, ojú rẹ̀ lè má ríran fúngbà díẹ̀, ó sì lè géni jẹ: ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ota-pia-pia la fi wẹ ọmọ ajá oṣù 4 nítorí eégbọn. Nírọ̀lẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣu omi, gìrì sì mú un. Ṣé wárápá ni? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá, májèlé ni. Oró dichlorvos inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn tí a bá ti rán an níṣẹ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ sáré gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ atropine. Wárápá àbímọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 6. Ọmọ ajá tí kò tó bẹ́ẹ̀, májèlé, distemper (àrùn kan tó ń ràn láàárín ajá) tàbí àìtó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ rántí dìgbòlugi: ẹni tó bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Potassium bromide ni wọ́n fi kún oògùn ajá wa. Kí ló dé tí wọ́n ní ká má fún un ní àjẹkù ọbẹ̀? (Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Iyọ̀ ni. Bí iyọ̀ àti Magí bá pọ̀ nínú oúnjẹ, kíndìnrín á máa tọ bromide dànù, gìrì á padà dé. Bí iyọ̀ bá wá dín kù lójijì, bromide á ga, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá á máa rọ. Oúnjẹ kan náà ni kó máa jẹ lójoojúmọ́. Oògùn yìí ń lo nǹkan bí oṣù 3 kó tó dúró lójú kan nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú kó lè ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.