Ọkọ̀ tọ́bò: ọ́ìlì wo ni kí n rà, ṣé kí n sì máa dúró kí n tó pa á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ oníbẹntiróò tó ní tọ́bò. Ìwé rẹ̀ ní 5W-30 ni kí n máa lò, àmọ́ mẹkáníìkì mi ní ìyẹn ti ṣàn jù, pé 20W-50 ni kí n rà. Ó tún ní kí n máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, àti márùn-ún kí n tó pa á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọkọ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Fáànù méjì lórí ọ̀pá kan ni tọ́bò. Èéfín ẹ́ńjìnì ń yí ọ̀kan, èkejì ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń léfòó sí. Páìpù tóóró ló ń gbé ọ́ìlì náà dé ibẹ̀. Bí 20W-50 bá ki pọ̀ láàárọ̀ kùtù, ọ̀pá á ti máa yí kí ọ́ìlì tó dé. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù. Ti ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná.

Ọ́ìlì sìǹtẹ́tíìkì ni kí ẹ rà. Ẹ wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù bóyá ẹ máa rí API SP, òǹtẹ̀ ìdíwọ̀n ọ́ìlì tó jáde ní 2020. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí epo tètè gbiná nínú sílíńdà nígbà tí ẹ̀ ń tẹ tọ́rótù wálẹ̀ ní eré kékeré. Irú ìgbiná bẹ́ẹ̀ lè fọ́ písítìn. Bí ìwé yín bá dárúkọ òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan, bíi dexos1 tàbí VW 504 00, òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ wá. “Ó dára fún gbogbo ọkọ̀” kì í ṣe òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tútù tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan máa ń jẹ́ kí epo jò sínú ọ́ìlì. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí epo, àmì nìyẹn. Bí iná pupa ọ́ìlì bá ti kú, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ rọra máa lọ. Bí ọwọ́ tó ń fi ooru omi ẹ́ńjìnì hàn bá tiẹ̀ ti dé àárín, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ọ́ìlì máa ń pẹ́ ju omi lọ kó tó gbóná.

Ti pípa ọkọ̀, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ló máa sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ rọra wọ àdúgbò, tọ́bò ti tutù lójú ọ̀nà, ẹ pa á. Bó bá jẹ́ eré àsápajúdé tàbí òkè gígùn ni, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Èéfín inú tọ́bò lè gbóná tó 900 °C; bí ọ́ìlì bá dúró lójijì nínú ooru bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa jóná di èédú. Mo ti tú páìpù kan rí tí wáyà tín-ín-rín ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní pọ́ńpù oníná tó ń yí omi kiri lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń kùn; ẹ má ṣèyọnu.

Àwọn kan ṣì máa ń tẹ tọ́rótù gbàà kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́ pa. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú èyí: pọ́ńpù ọ́ìlì á ti dúró, ọ̀pá tọ́bò á ṣì máa yí.