Mo fẹ́ padà sílé ìwé lọ́mọ ọdún 41: kí la ó máa jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Peckham ní London ni mò ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi mẹ́ta. Àkọ́bí ti pé mẹ́sàn-án, àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ wọn. Ó di ọdún 11 tí mo ti dé ìlú yìí, mo sì ti gba indefinite, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé níbí láìní gbèdéke. Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti wà lọ́kàn mi láti kékeré. Mo ti gboyè nínú ìṣirò owó ní Nàìjíríà, ẹnì kan sì sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé nítorí ìwé ẹ̀rí yẹn, ìjọba ò ní fún mi ní kọ́bọ̀. Tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, báwo ni mo ṣe fẹ́ san owó ilé? Kí la ó máa jẹ? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ́fíìsì tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní London níbí. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, torí ó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa sẹ́yìn láìnídìí. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹni tó bá ti ní dìgírì, ibi yòówù tó ti gbà á láyé, ìbáà jẹ́ owó bàbá rẹ̀ ló fi kà á, Student Finance England, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kì í sábà yá a lówó láti ka dìgírì mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti agbẹ̀bí, àti irú iṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ mélòó kan. Ká ní òfin lẹ fẹ́ lọ kà ni, ìmọ̀ràn mìíràn ni ǹ bá gbà yín. Ní ti nọ́ọ̀sì, ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó yín kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ má fi pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù o; ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe rí.

Indefinite tí ẹ gbà ló ṣí ilẹ̀kùn yìí fún yín, pẹ̀lú pé ẹ ti gbé níbí ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ tó ń ka èyí, ọ̀nà tìrẹ yàtọ̀ pátápátá. Kó má fi ìdáhùn yìí ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ó kan owó. Ti ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26 ni iye tí mo kọ síbí, ó sì máa ń yí díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ilé ìwé fúnra rẹ̀, £9,535 lọ́dún, wọ́n á yá yín, ṣùgbọ́n tààrà ni wọ́n ń san án fún yunifásítì, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí ẹ ó máa fi jẹun ni Maintenance Loan. Fún ẹni tó ń kàwé ní London tí kò gbé lọ́dọ̀ òbí, ó lè tó £13,762 lọ́dún. Nítorí pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́mọ tí ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, ó lè ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti kọjá ọdún 25, nítorí náà wọn ò ní bi yín léèrè iye tó ń wọlé fún bàbá tàbí ìyá yín. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì máa ń gùn ju ọ̀sẹ̀ 30 lọ dáadáa láàárín ọdún, torí náà ẹ béèrè Long Courses Loan tí wọ́n fi ń ti ọ̀sẹ̀ tó lé lẹ́yìn.

Àwọn tí ẹ ò ní san padà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. NHS Learning Support Fund, owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní £5,000 lọ́dún, ó sì ń fi £2,000 kún un fún ẹni tó ń tọ́mọ. Ọdọọdún lẹ ó máa béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé lọ́dún kejì, ó lè pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Student Finance náà ní Parents' Learning Allowance, tó lè tó £2,024. Childcare Grant ń san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn tó ń bá yín tọ́mọ, tí kò gbọdọ̀ ju £342.24 lọ lọ́sẹ̀ fún ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Council Tax, owó orí tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún káńsù, ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni àgbàlagbà nínú ilé, ẹ ò ní san án rárá, kí ẹ ṣáà ti gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì fi ránṣẹ́ sí káńsù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Childcare Grant, torí ibẹ̀ ni mo ti rí omijé jù. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọ, nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Màmá tó wà ní ilé kejì, tó ń bá yín mú àwọn ìbejì láti ilé ìwé tó sì ń fún wọn ní ìrẹsì, wọn ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú màmá bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ó nílò jù. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 2,300 lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, nílé ìwòsàn àti níbòmíràn, kó tó gbòǹtẹ̀, òru sì wà níbẹ̀, òwúrọ̀ kùtù wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, ilé ìtọ́jú ọmọ kò tíì ṣílẹ̀kùn. Torí náà ẹ lo Ofsted fún ọ̀sán, kí ẹ sì bá màmá yẹn sọ ọ̀rọ̀ òru láti ìsinsìnyí, kí ẹ fi iye kan sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi ojú ọmọlúàbí rẹ̀ wò ó pé á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Universal Credit lè máa wọlé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ka Maintenance Loan sí owó tó ń wọlé. Wọ́n á pín in sórí àwọn oṣù tí ẹ̀kọ́ fi ń lọ, wọ́n á fojú fo £110 lóṣù, ìyókù ni wọ́n á fi gé e. Apá kan wà nínú Maintenance Loan náà tí wọ́n ń pè ní Special Support. Kì í wọ ìṣirò yẹn, torí náà ẹ rí i dájú pé ó hàn lọ́tọ̀ nínú lẹ́tà yín. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé òun ò fẹ́ yáwó nítorí èlé, bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí wa ṣe ń sọ, ó yẹ kó mọ̀ pé Universal Credit á gé e bí ẹni pé ó yá a. Ó dùn mí láti máa sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí mo rí tó ń dá àwọn ìyá dúró lójú ọ̀nà. Kì í sábà jẹ́ pé owó náà kéré lápapọ̀. Àkókò tó ń wọlé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Maintenance Loan ń dé láàárín ọdún: nígbà tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kìíní, àti ní oṣù Kẹrin. Arábìnrin kan jókòó níwájú mi nínú oṣù Kejìlá, ó di ìwé owó ilé mú, ó ká a títí ó fi kéré bí sítáǹpù. Owó oṣù Kẹsàn-án wọlé, ó dà bí ọrọ̀ lójú rẹ̀. Ó san gbèsè owó ilé, ó fi owó ìwòsàn ojú ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó ra bàtà fún àwọn ọmọ. Kò ná ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ní ìná àpà. Àmọ́ ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí òmíràn tó dé. A rí owó pàjáwìrì yunifásítì gbà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, ṣùgbọ́n òru tó fi sunkún yẹn kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tí owó bá dé, ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó wà títí di èyí tó kàn, kí ẹ pín in sí iye bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e sínú àkáǹtì mìíràn, kí ẹ máa san án fún ara yín lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀ bí owó iṣẹ́. Ní ti oṣù Keje àti Kẹjọ, tí owó oṣù Kẹrin lè ti tán, tí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ sọ fún olórí àjọ pé ìgbà yẹn lẹ fẹ́ kó tiyín. Mo mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni gbogbo wa fẹ́ràn láti kó o nítorí ọdún. Kìkì pé kó má jẹ́ kí owó tó wà lọ́wọ́ yín lápapọ̀ ju £6,000 lọ, torí láti ibẹ̀ lọ Universal Credit á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní ti owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọ yunifásítì, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè ṣe àti iye ọdún tó máa gbà. Ó rọrùn láti sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ kò tíì há.

Nípa gbèsè, ohun tí ẹ ó san padà nìyí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2023 kì í san nǹkankan àyàfi tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ju £25,000 lọ lọ́dún, kí ó tó wá san ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lé. Ní 2025/26, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòǹtẹ̀ ń gba nǹkan bíi £31,049 kí wọ́n tó fi ti London kún un. Lórí ìyẹn, ó máa jẹ́ nǹkan bíi £45 lóṣù, inú owó iṣẹ́ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Lẹ́yìn 40 ọdún, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Kì í ṣe gbèsè tí wọ́n á torí ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín: ẹ̀kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbowó oṣù, tí wọ́n ń pè ní nursing degree apprenticeship. Wọ́n á gbà yín síṣẹ́, ẹ ó sì máa kàwé nínú rẹ̀, ẹ ò ní yáwó kankan. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, àyè rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ìrírí kíà tí ẹ ní yìí ni wọ́n ń wá.

Tí ẹ bá sì yan yunifásítì, ẹ fi fọ́ọ̀mù Student Finance ránṣẹ́ kí ó tó di àárín oṣù Karùn-ún, kí owó lè dé lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ti ìbejì kan bá ti sọnù, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó tẹ òmíràn fún yín, òun ni Learning Support Fund á sì máa béèrè fún £2,000 yẹn.