Ẹ̀yìn fóònù ni wọ́n ń tà fún wa ni, àbí fóònù?

Lẹ́tà mẹ́ta la fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, Ìkòròdú sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n ń kùn lọ́dà aláràbarà tí wọ́n á ní kò pọ̀ lọ́jà ni wọ́n ń bi wá. Ti àkọ́kọ́ la máa pẹ́ lé lórí jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní LASUSTECH níbí, ó ti tó oṣù kan báyìí tí ò jẹ́ kí n sinmi, fóònù kan tí wọ́n ya róbọ́ọ̀tì inú fíìmù sí lẹ́yìn ló fẹ́, ó ní límítẹ̀dì ẹdíṣàn ni, tó bá ti tán lọ́jà ó tán nìyẹn. Mo wá lọ béèrè ní Sábó, ọmọ tó ń tà á sọ fún mi pé ìkan wà tí ò ní róbọ́ọ̀tì, pé nǹkan kan náà ni wọ́n, àmọ́ owó onírobọ́ọ̀tì ju tèyí lọ. Mo ní kí ló fà á, ó ní "Mọ̀mí, fáárí ni". Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ lọ fi owó ẹja mi rà gan-an?
— Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹbúté, Ìkòròdú

Mọ̀mí, ẹ kú ìnáwó ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín rárá. Ẹ rántí abọ́ rọ́bà tí wọ́n máa ń pín níbi ìnáwó, abọ́ yẹn náà ló wà lọ́jà Sábó tí ẹnikẹ́ni lè rà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lẹ fọ́tò ìyá olóògbé mọ́ ọn tí wọ́n kọ déètì sí i lábẹ́, ó ti di nǹkan míì nìyẹn, àwọn èèyàn á máa na ọwọ́, ẹni tí kò bá rí gbà á bínú lọ sílé, ẹni tó bá rí i gbà á gbé e síwájú kíṣìnnì, gbogbo ìgbà tó bá ti fi bu gàárì ló ń rántí ìnáwó yẹn. Abọ́ náà ò yí padà. Ìnáwó ló ń polówó ara ẹ̀ nínú ilé yín, ẹ̀yin lẹ sì ń bá wọn gbé pátákó ẹ̀ dání.

Bí àwọn kọ́ńpìnnì fóònù ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n á mú fóònù tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀, wọ́n á kun ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́dà míì, wọ́n á fi àwòrán fíìmù tàbí orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí ti mọ́tò olówó ńlá sí i, wọ́n á pààrọ̀ àwòrán iwájú síkíríìnì àti ohùn tó fi ń dún, wọ́n á wá ṣe páálí tó wuyì fún un. Lọ́dún 2015 Samsung ṣe irú ẹ̀ lára Galaxy S6 edge, ti Iron Man, akọni inú fíìmù, pupa àti góòlù, lásìkò tí fíìmù Avengers ọdún yẹn jáde. 1,000 péré ni wọ́n ṣe, Kòríà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tà á. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó wò: kọ́ńpìnnì tó ń ta fóònù ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, kí ni èrè orí 1,000 fẹ́ ṣe fún un? Kì í ṣe èrè fóònù yẹn ló ń wá. Gbogbo ìwé ìròyìn ayé ló gbé e, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nípa ẹ̀ tí ò gbọ́ orúkọ S6 edge mọ́ ọn, ẹni tó bá wá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní ti Iron Man ti tán, ṣé ó máa padà sílé lọ́wọ́ òfo ni? Èyí tó wà ńlẹ̀ ló máa rà. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń tà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio, wọ́n tún ṣe ti S7 edge, wọ́n fi àwọ̀ òrùka Òlíńpíìkì márààrún sí i lára, wọ́n wá fún àwọn eléré ìdárayá tó tó 12,500 lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ o! Nítorí tí eléré bá gba góòlù tó wá yọ fóònù láti ya ara ẹ̀, ayé ń wò ó.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni, ìgbà tí Tecno ṣe Spark 30 lọ́dún 2024 wọ́n ṣe ti Transformers, fíìmù àwọn róbọ́ọ̀tì, mọ́ ọn, ti Optimus Prime àti Bumblebee inú ẹ̀, bóyá òun gan-an ni ọmọ yín rí. Infinix náà pe àwọn ayàwòrán-ọjà BMW kí wọ́n bá àwọn ṣe Note 30 VIP lọ́dún 2023, wọ́n tún padà lọ bá wọn fún Note 40. Ẹni tó ni àwòrán tàbí orúkọ yẹn kì í sábà jẹ́ kí wọ́n lò ó lásán, Hasbro tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé ló ni Transformers l'Amẹ́ríkà, tí ẹ bá wá gbọ́ pé owó onírobọ́ọ̀tì ga ju ìkejì ẹ̀ lọ, ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ni róbọ́ọ̀tì náà fẹ́ jẹun níbẹ̀.

Ti "ó máa tán" tí ọmọ ń sọ, ẹ̀yin gan-an lẹ lè kọ́ wa nìyẹn. Láàárọ̀ tí ẹja kún inú abọ́ yín, àwọn oníbàárà á máa nájà, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tó wá ku méjì, ẹni tó ní òun ń bọ̀ á sáré padà wá, kò tún ní rántí nájà mọ́. Ẹja yẹn ò dùn ju ti àárọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹja tiyín tán lóòótọ́, ti àwọn wọ̀nyí, àwọn fúnra wọn ló pinnu iye tí wọ́n fẹ́ kó kù.

Síbẹ̀ n ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀dà lásán, ìyẹn ò ní dáa. OnePlus ṣe 6T kan pẹ̀lú McLaren tó ń ṣe mọ́tò eré ìje lópin ọdún 2018, 10GB RAM, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló fi sínú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé 6 tàbí 8 ló wà nínú 6T yòókù, ṣájà ẹ̀ náà jẹ́ 30W, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 20W, ó ń yára gba iná jù wọ́n lọ. Ẹni tó ra ìyẹn rí nǹkan gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Camon 19 Pro tí Tecno pè ní Mondrian lọ́dún 2022, oòrùn ló ń pa ẹ̀yìn ẹ̀ láwọ̀ dà, iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Nítorí náà ẹ mú ọmọ yín dání, kẹ́ ẹ jọ lọ Sábó, kí ẹni tó ń tà á gbé méjèèjì síta, kó ṣí Settings kó ṣí About phone, kẹ́ ẹ fi RAM wé RAM, kẹ́ ẹ fi sítórééjì wé sítórééjì, kẹ́ ẹ wo bátìrì àti irú ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá bá ara wọn mu, iye tí ìkan fi ju ìkejì lọ ni owó ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fúnra ẹ̀ ṣe ìṣirò ẹ̀ síta kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan fún mi: ṣé ó máa fi pouch sí i? Torí mi ò tíì rí ọmọ Ìkòròdú kan tó ń lo fóònù láìfi pouch bò ó, pẹ̀lú bí a ṣe ń sáré wọ kẹ̀kẹ́ yìí. Àbúrò mi kan ra irú ẹ̀, kò fi nǹkan kan bò ó torí ó fẹ́ kí wọ́n rí i, ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté yín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́ yángá. Gbogbo ẹnjiníà tó wà láti Gáréèjì dé Sábó la lọ bá, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀yìn aláwòrán yẹn, dúdú lásán ni wọ́n rí bá a lẹ̀ mọ́ ọn nígbẹ̀yìn. Ó dùn ún débi pé kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ó sì dun èmi náà, torí àjọ oṣù mẹ́jọ ló fi rà á.

Ẹ má bá ọmọ jà o, Mọ̀mí. Nǹkan tó wò láti kékeré ló rí lára fóònù tí ọkàn ẹ̀ fi fà sí i, kì í ṣe ìwà burúkú. Tí owó iléèwé bá ti jáde tí nǹkan sì ṣẹ́ kù, tí òun náà lè fi díẹ̀ kún un, ẹ rà á fún un kínú ẹ̀ dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń ta fóònù lójú ọ̀nà Ayangbure. Mo fẹ́ fi owó àjọ tí mo bá kó ra límítẹ̀dì ẹdíṣàn mẹ́fà kí n tọ́jú ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, torí mo kà á pé wọ́n ta ìkan lówó gọbọi ní Ṣáínà. Ṣé kí n ṣe é?
— Ọmọ onífóònù

Rárá, àbúrò mi, má ṣe é. Èyí tó o kà nípa ẹ̀ yẹn, ti Iron Man tí mo sọ lókè ni, wọ́n gbé e sí ọjà gbàǹjo lọ́dún 2015 kan náà, wọ́n sì rà á ní yuan 569,788, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún dọ́là. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 66 ló wà lára ìyẹn, àwọn ará Ṣáínà sì fẹ́ràn 6 bí nǹkan míì, nínú 1,000 yẹn sì rèé, nọ́ńbà 66 ò lè ju ìkan lọ. Nọ́ńbà wo ló wà lára tìẹ?

Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ béèrè ni pé mélòó ni wọ́n ṣe. Xiaomi sọ ọ́ síta pé 2,000 ni 12T Pro tí òun àti Daniel Arsham, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe lọ́dún 2022. Tí kọ́ńpìnnì ò bá sọ iye kankan, tó kàn kọ límítẹ̀dì sára páálí, ó lè ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ta ló fẹ́ kà á? Yàtọ̀ síyẹn, fóònù kì í ṣe ilẹ̀ Ìgbógbó tó o lè rà kó o lọ sùn. Bátìrì tó wà nínú páálí ń gbó díẹ̀díẹ̀, tó bá gbẹ pátápátá tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè má jí mọ́, àpùdéètì ẹ̀ ń lọ sópin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án rí, nígbà tó o bá sì fi máa gbé e síta lọ́dún kẹta, fóònù tí owó ẹ̀ ò tó ìdajì ẹ̀ á ti máa sáré jù ú lọ.

Ìkan péré ni kó o rà. Gbé e sínú gíláàsì níwájú ṣọ́ọ̀bù, tan iná sí i, jẹ́ kó wà níbi tí àwọn tó ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ti máa rí i. Wọ́n á yà wá wò ó, wọ́n á béèrè iye ẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, ìwọ ní tìẹ kó o ti gbé èyí tí ò ní àwòrán sọ́wọ́. Owó àjọ tó kù, fi ra èyí tí ò ní àwòrán yẹn, kó pọ̀ dáadáa.

Ṣé òótọ́ ni pé iPhone pupa, owó àrùn éèdì ló wà nínú ẹ̀? Mo fẹ́ ra tòkúnbọ̀ kan ní Agric.
— Àǹtí télọ̀

Òótọ́ ni, Àǹtí wa. Product Red ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 2006, iPhone 7 tó jáde pupa ní oṣù kẹta 2017 ni iPhone àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí i, díẹ̀ nínú owó ẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ Global Fund tó ń gbógun ti éèdì, apá ibi tó pọ̀ jù nínú owó yẹn ni wọ́n sì ná sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tà á ní tuntun ni owó yẹn ti wọlé, èyí tẹ́ ẹ bá san ní Agric, ẹni tó tà á ló ni ín. Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ sí i, torí àwọn ẹnjiníà lè bọ́ ẹ̀yìn dúdú kúrò kí wọ́n fi pupa sí i láàárín wákàtí kan. Ẹ tẹ *#06# kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé tara páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo àwọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí yẹn náà kẹ́ ẹ tó yọ owó.