Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oníkọ̀ǹpútà: Kí Ló Dé Tí Gígba Àyè Sílẹ̀ Fi Ń Pẹ́ Tó Báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ti ìgbéyàwó la ń ṣe ní Kétu níbí. Linux la ń lò, gbogbo fáìlì wa sì wà lórí sáfà kan ní yàrá ẹ̀yìn. NFS, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo fáìlì orí sáfà gba orí wáyà, la fi so wọ́n pọ̀. Kí prógíráàmù wa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ gba àyè 40 GiB sílẹ̀. Lórí díìsìkì inú kọ̀ǹpútà, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Lórí sáfà, mo lè lọ ra àkàrà kí n sì padà dé. Ṣé wáyà ló bàjẹ́ ni? — Oníṣọ́ọ̀bù fídíò, Kétu

Ìdáhùn: Wáyà kọ́, àbúrò. Má tíì náwó.

Wò ó bí ibi ìnáwó. Ẹni tó mọ onílé á kàn sọ pé, "Ọgọ́rùn-ún àga yìí, tèmi ni," ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ext4 tàbí XFS, ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì, ṣe ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà rẹ: ó ń fi àmì fáìlì rẹ sórí àyè náà láìkọ ohunkóhun sínú rẹ̀. NFS ẹ̀yà 3 kò ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún sáfà rárá. Ẹ̀yà 4.2, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2016, ló mú àṣẹ ALLOCATE wá.

Bí kò bá sí àṣẹ yìí, posix_fallocate ti glibc, ìyẹn irinṣẹ́ Linux tí prógíráàmù fi ń gba àyè sílẹ̀, kì í jẹ́wọ́ pé apá òun ò ká a. Ńṣe ló máa ń jókòó sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan: á kọ báìtì kan sínú báìtì 4096 kọ̀ọ̀kan. Nínú 40 GiB, ìjókòó 10,485,760 nìyẹn, orí wáyà sì ni iṣẹ́ náà ń gbà. Èmi náà ti tú gbogbo wáyà ọ́fíìsì kan palẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí kí n tó mọ̀. Mi ò ní sọ iye tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Ojú ń tì mí.

Tẹ nfsstat -m, kí o wo vers, ìyẹn ẹ̀yà NFS tí ò ń lò. Bó bá jẹ́ 3, tún un so pẹ̀lú vers=4.2, bí sáfà bá gbà, tí díìsìkì rẹ̀ sì jẹ́ ext4 tàbí XFS. Bí kò bá gbà, sọ fún prógíráàmù náà kó má gba àyè sílẹ̀ mọ́, kí o máa fi àṣẹ df wo àyè tó kù kí o tó gbé kámẹ́rà.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o lo truncate, àṣẹ tó kàn ń kọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó láìgba àyè kankan, pé wéré ló ń parí. Má gbà. Àṣẹ ls á ní fáìlì náà jẹ́ 40 GiB, du, tó ń wo àyè tí fáìlì gbà gan-an, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, díìsìkì á sì kún nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.